Ẹ Bi Wá: Owó, Oògùn àti Àìsàn Ọpọlọ

Lẹ́tà márùn-ún la mú lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wọn láti Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Bí kálukú ṣe béèrè tirẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n forí lé: kí ló pa ètò ọrọ̀ ajé pọ̀ mọ́ àìsàn tó ń bá ọpọlọ jà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ òkìrìkà ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Owó tí mo fi ń ra bélì kan tẹ́lẹ̀ kò ra ìdajì mọ́. Ó ti tó oṣù méjì tí mi ò ti sùn dáadáa, oúnjẹ kì í wù mí, omijé á kàn máa bọ́ lójú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní àròjù lásán ni, pé tí owó bá dé á lọ. Ọkọ mi ní àìsàn ni. Ta ló jàre? (Ìyá aláṣọ, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, àwọn méjèèjì ló jàre, àfi ọ̀rọ̀ "lásán" tí ẹ̀gbọ́n yín fi kún un. Kì í ṣe lásán.

Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń jiyàn bóyá àìní ló ń fa àìsàn ọpọlọ tàbí àìsàn ọpọlọ ló ń sọni di aláìní. Apá méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀. Àìsàn líle bíi schizophrenia, tí èèyàn fi ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, sábà máa ń gba iṣẹ́ àti ọjà lọ́wọ́ ẹni. Ní ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn, àìní lágbára púpọ̀ nínú ohun tó ń fà á. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Kò sẹ́ni tó lè sọ èèyàn di tálákà kó wá máa wò ó, nítorí náà ibi tí owó ti ṣàdédé wọlé fún àwọn èèyàn ni wọ́n ń wá lọ. Ní North Carolina, ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí ti ń tọpasẹ̀ ọmọ 1,420 láti 1993. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ilé tẹ́tẹ́ ńlá kan ṣí lórí ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Cherokee, wọ́n sì ń pín lára èrè rẹ̀ fún gbogbo ọmọ ẹ̀yà náà. Nínú ilé tí owó náà yọ kúrò nínú ìṣẹ́, ìjà jíjà àti oríkunkun àwọn ọmọ dín kù títí ó fi bá tàwọn tí kò tòṣì rí dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ àti àníyàn wọn kò yí padà. A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé owó ló ń wo gbogbo rẹ̀. Ní Indonéṣíà ẹ̀wẹ̀, níbi tí ìjọba ti fún àwọn ilé tálákà lówó, iye àwọn tó ń gba ẹ̀mí ara wọn fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 dín kù.

Ní tiyín, ọ̀sẹ̀ méjì ni òṣùwọ̀n. Tí ìbànújẹ́, tàbí kí nǹkan tó ń dùn mọ́ni má dùn mọ́, bá ń wà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí àìsùn, àìjẹun, àárẹ̀, ìdálẹ́bi ara ẹni tàbí àìlè ronú já nǹkan sì tẹ̀ lé e, ó ti kúrò ní ìdààmú ọjà nìkan. Ẹ lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó wà nítòsí. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò pẹ̀lú, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó kéré lára máa ń jọ ìrẹ̀wẹ̀sì. Tí wọ́n bá fún yín lóògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ló fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń jù ú nù ní ọ̀sẹ̀ kìíní pé kò jẹ́. Tó bá wá ń wá sí yín lọ́kàn pé ó sàn kí ẹ kú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má sì dá sùn.

Ohun kan tún wà tí kò gba oògùn. Ní Harare, ní Zimbabwe, dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà, láti 2006, bí wọ́n ṣe máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìlera, kí wọ́n gbọ́ ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú. Kufungisisa ni àwọn ará Shona ń pe àìsàn náà; àròjù ló túmọ̀ sí, bí ẹ̀gbọ́n yín ṣe pè é gẹ́lẹ́. Wọ́n dán an wò lára èèyàn 573, èsì sì jáde ní 2016. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nǹkan bí 14 nínú 100 lára àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ló ṣì ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì. Lára àwọn tó gba irú ìtọ́jú tí ilé ìlera máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, 50 nínú 100 ni.

Ẹ̀yin náà lè ṣe é. Ẹ wá ẹnì kan tí kì í sọ̀rọ̀ ẹni káàkiri. Ẹ ka gbogbo ìṣòro yín fún un, kó kọ ọ́ sílẹ̀: gbèsè bélì, owó ilé ìwé, owó ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mú ẹyọ kan tí apá yín lè ká, kí ẹ sì gé e wẹ́wẹ́ títí á fi ku ohun tí ẹ lè ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má kọ "màá san gbèsè mi". Ẹ kọ ọ́ pé "lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun màá bá ẹni tó ń kó ọjà fún mi, màá bẹ̀ ẹ́ kó gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ". Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ padà lọ sọ ibi tó dé. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n ń pàdé ní Harare. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kí olùgbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbani nímọ̀ràn kí ẹni náà tó sọ̀rọ̀ tán, tàbí kí wọ́n gbé ìṣòro mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

ÌBÉÈRÈ: Àgbẹ̀ kòkó ni mí lẹ́bàá ìlú Oǹdó. Lọ́dọọdún, kí kòkó tó pọ́n, orí mi kì í pé. Mò ń gbàgbé nǹkan, mò ń jágbe mọ́ ọmọ, owó èlé gọbọi ni mo sì ń lọ yá. Tí mo bá ti ta kòkó tán, ara mi á balẹ̀. Ṣé ọjọ́ orí ni?

ÌDÁHÙN: Bàbá, tí orí bá ń pé lẹ́yìn títà, àsìkò ni, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ní Tamil Nadu, ní Íńdíà, àwọn olùwádìí dán ọgbọ́n orí àgbẹ̀ ìrèké 464 wò kí wọ́n tó kórè àti lẹ́yìn ìkórè. Ẹnì kan náà ni, àmọ́ èsì tó mú wá nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo burú ju ti ìgbà tó ti rówó gbà lọ. Ìrònú àìlówó ti gba àyè nínú orí rẹ̀. Wọ́n gbé èyí jáde ní 2013.

Nítorí náà, ẹ má fọwọ́ sí ìwé gbèsè ní àsìkò ọwọ́-ò-sí yẹn. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ta kòkó ni kí ẹ ti yọ owó oṣù mẹ́fà tó ń bọ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ fi sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ẹ bá wọn ṣe àdéhùn pé oṣooṣù ni wọ́n á máa fún yín. Látìgbà tí ìjọba ti tú ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó ká ní 1986, orí àgbẹ̀ nìkan ni lílọ sókè lọ sílẹ̀ iye kòkó ń já lé. Ní òpin 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá 12,000 dọ́là ní New York. Kí 2025 tó parí, ó ti já dé nǹkan bí ìdajì. Kò sí ọpọlọ tí irú èyí kì í wọ̀ lọ́rùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé oògùn apakòkòrò kúrò nínú ilé, kí ẹ tì í mọ́ inú àpótí lóko, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí Sri Lanka fòfin de àwọn apakòkòrò tó léwu jù láàárín ọdún 1990 sí 1999, iye àwọn tó ń gba ẹ̀mí ara wọn níbẹ̀ já wálẹ̀ gan-an. Èrò àtigba ẹ̀mí ara ẹni máa ń kọjá lọ, tí ohun tó léwu kò bá sí nítòsí.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá mi máa ń gbọ́ ohùn. Ọdún kẹfà rèé tó ti ń lo oògùn, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Àmọ́ iye oògùn náà ti di ìlọ́po mẹ́ta, owó iṣẹ́ ìránṣọ mi ni mo sì fi ń rà á. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e sí méjì, mo sì ń fo ọjọ́ kan láàárín. Ṣé ó burú? (Aránṣọ, Alágbàká, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá gígé yẹn dúró títí ẹ ó fi rí dókítà. Ohun tó ń tan èèyàn níbẹ̀ ni pé àìsàn náà kì í padà lọ́jọ́ kejì. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan, ẹni tó ń gé oògùn á sì ti rò pé kò sí ewu. Oorun ló máa kọ́kọ́ dín kù. Lẹ́yìn náà, ìyá lè máa fura sí oúnjẹ, tàbí kó máa dá sọ̀rọ̀ lóru. Tó bá padà tán, owó tí wọ́n á gbà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn lè ju owó oògùn ọ̀pọ̀ oṣù lọ.

Ìdí tó fi wọ́n rèé: èyí tó pọ̀ jù lára èròjà oògùn wa, òkè òkun ló ti ń wá. Ṣáájú oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó náírà 480 ní báńkì. Oògùn tí iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 10 kò tó 4,800 náírà nígbà náà. Nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ tí dọ́là dé nǹkan bí 1,500, oògùn kan náà di 15,000, láìtíì ka owó ọkọ̀ àti èrè oníkẹ́míìsì. Lójú tiwa, bí ìjọba bá ń ṣírò èrè àti àdánù irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí bẹ́ẹ̀dì tó kún ní wọ́ọ̀dù ọpọlọ wà nínú ìṣirò náà.

Ẹ yí páálí oògùn ìyá padà. Orúkọ gàdàgbà tó wà lókè, ti ilé iṣẹ́ ni. Lẹ́tà tín-ín-rín tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ oògùn gan-an. Ẹ da èyí kọ sí ìwé pẹ̀lú iye mílígírámù rẹ̀, kí ẹ fi béèrè ní kẹ́míìsì mẹ́ta: ilé iṣẹ́ mìíràn lè máa ṣe é ní owó tó kéré. Nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ gbọ́dọ̀ hàn lára rẹ̀. Ẹ má ra hóró tí wọ́n tú sínú ọ̀rá.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi dókítà bóyá oògùn àtijọ́ lè ṣe é. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lára èèyàn tó lé ní 1,400, tó jáde ní 2005, fi hàn pé oògùn àtijọ́ kan tó ń jẹ́ perphenazine kò kéré sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tuntun olówó gọbọi. Olanzapine, ọ̀kan nínú àwọn tuntun náà, borí díẹ̀, àmọ́ ó máa ń múni sanra gan-an. Àwọn ti àtijọ́, bíi haloperidol, lè mú kí ara le: tí ọrùn ìyá bá wọ́, tí ojú rẹ̀ yí sókè tàbí ahọ́n rẹ̀ gan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀; abẹ́rẹ́ wà tó ń tú u. Abẹ́rẹ́ fluphenazine decanoate sì wà, tí wọ́n ń gún ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra. Ẹ fi owó abẹ́rẹ́ oṣù kan wé owó hóró ọjọ́ 30, pẹ̀lú owó kẹ̀kẹ́ tó máa gbé yín dé ibẹ̀.

Òfin 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Oǹdó, ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó: ṣé àìsàn ọpọlọ wà nínú rẹ̀, ṣé oògùn tí ẹ kọ síwèé yẹn wà nínú àkọsílẹ̀ wọn, ilé ìwòsàn wo ni wọ́n á sì ti máa fún un?

ÌBÉÈRÈ: Àbúrò wa wà nílé àdúrà kan l'Óǹdó. Owó ilé ìwòsàn ò sí. Wọ́n ní ká má fún un lóògùn. Ká gbé e kúrò ni?

ÌDÁHÙN: Tí wọ́n bá dè é mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń nà án, tàbí tí wọ́n ń febi pa á, ẹ gbé e kúrò lónìí. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí nọ́ọ̀sì máa wá bá a níbẹ̀. Oyè Gureje, dókítà ọpọlọ ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní Nàìjíríà àti Gánà, èsì sì jáde ní 2020: níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera ti ń bá àwọn babaláwo àti aládùúrà ṣiṣẹ́ pọ̀, ara àwọn aláìsàn yá ju ti ibòmíràn lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo náà ti fi àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣe alábàáṣiṣẹ́ ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954. Àdúrà kò bá oògùn jà.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí l'Óǹdó. Kí ni onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń wá nínú ìwádìí àìsàn ọpọlọ?

ÌDÁHÙN: Ìtàn àrùn kan tó ń jẹ́ pellagra nìkan tó ìdáhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní gúúsù Amẹ́ríkà ni awọ ara wọn ń bó, tí wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru, tí orí wọn wá dàrú títí wọ́n fi kó wọn sí ilé àwọn alárùn ọpọlọ. Gbogbo èèyàn rò pé ó ń ranni. Ní 1914, ìjọba rán dókítà Joseph Goldberger lọ. Ohun tó ṣàkíyèsí rọrùn: àwọn aláìsàn ń ní in, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn kò ní in. Àrùn tó ń ranni kì í yan ẹni tó ń gba owó oṣù sílẹ̀. Ó fún àwọn ọmọ ilé aláìlóbìí ní wàrà, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà dípò àgbàdo lásán; àrùn náà pòórá.

Láti 1916, òun àti Edgar Sydenstricker, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, lọ ka ohun tó ń wọlé fún àwọn ìdílé òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ òwú ní South Carolina, àti ohun tí wọ́n ń rà jẹ. Bí owó ìdílé ṣe ń kéré sí i ni àrùn náà ń pọ̀ sí i. Òwú nìkan ni wọ́n ń gbìn títí dé ẹnu ọ̀nà ilé, kò sí àyè ọgbà ẹ̀fọ́ tàbí màlúù. Nígbà tí iye òwú já wálẹ̀ ní 1920, Goldberger kìlọ̀ pé pellagra ń bọ̀. Ìyẹn ni iṣẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé: dókítà rí awọ tó bó, òun rí iye òwú tó fà á. Ní 1937, Conrad Elvehjem rí èròjà inú oúnjẹ tó ń wò ó, niacin, tí wọ́n wá ń pò mọ́ ìyẹ̀fun.

Èyí kàn wá nílé. Ilé tí ọ̀wọ́n gógó bá mú kó máa fi ògì àti ẹ̀kọ lásán gbára lé láàárọ̀ àti lálẹ́ ti sún mọ́ ọn, pàápàá ẹni tó ń mu ọtí púpọ̀. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan, ẹja kékeré tàbí àkàrà lórí ẹ̀kọ náà lè ṣèrànwọ́ láti dènà rẹ̀. Tí ẹ bá rí ẹni tí awọ ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ dúdú, tó ń bó níbi tí oòrùn ń pa, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ ohun tó ti ń jẹ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn fún dókítà.