Òòfà Tó Dìde Dúró: Ẹ Béèrè, A Dáhùn

Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Kàbà, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá wà. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ òòfà ni gbogbo wọn. Ti àkọ́kọ́ ló máa gba àyè jù torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kẹ́nì kan bi mí nírú ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Kàbà ni mí, físíìsì ni mò ń kà ní yunifásítì, ọdún àṣekágbá ni mo wà. Sùpáfáísọ̀ mi fún mi ní dátà àwọn awọ kóbáltì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ́ sáàárín plátínọ́mù, pé kí n fi wá anisotropy ojú wọn. Ohun tí mo rí ni pé àwọn tó nípọn, òòfà wọn sùn sílẹ̀, àwọn tí ò tó nánómítà kan, òòfà tiwọn dìde dúró. Kóbáltì kan náà ni o! Báwo ni fífẹ́lẹ́ lásán ṣe lè yí i padà? Mo tún ya gíráàfù, líìnì mi tọ́ dáadáa, àfi ìgbà tó dé ibi tó fẹ́lẹ́ jù ló wá tẹ̀ wálẹ̀. Ṣé mo ti ba nǹkan jẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, fọkàn balẹ̀, o ò ba nǹkan kan jẹ́. Jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ anisotropy yẹn kí àwọn tó kù lè bá wa lọ. Ẹni tó bá ti la igi ìdáná rí mọ̀ pé igi ní ọ̀nà tó ń gbà là. Tó o bá gbé àáké gba ibi tí iṣan igi gbà lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ó ti là, tó o bá ní o fẹ́ gé e níbùú, wàá làágùn dáadáa. Òòfà inú irin náà rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan wà tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti kọjú sí, òmíràn wà tó jẹ́ pé àfi kó o fagbára fà á débẹ̀, iye agbára tó ya ọ̀nà méjèèjì yẹn sọ́tọ̀ ni wọ́n ń pè ní anisotropy.

Nínú awọ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, sísùn (kó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tẹ̀ lé bí awọ ṣe tẹ́) ló rọrùn jù fún òòfà, dípò dídìde (kó kọjú sókè tàbí sílẹ̀). Ìdí ni pé tó bá dìde dúró, gbogbo òkè awọ yẹn á di orí àríwá, gbogbo ìsàlẹ̀ á di orí gúúsù, méjèèjì á wá wà nítòsí ara wọn, agbára tó ń ti àárín wọn jáde á máa ti òòfà inú awọ náà padà sẹ́yìn. Tó bá sùn, etí awọ nìkan ni orí méjèèjì á wà, wọ́n á jìnnà síra wọn, ìjà ò ní pọ̀. Fún kóbáltì, ohun tí ìdìdedúró yìí ń ná an tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.2 júùlù nínú kúbíìkì mítà kan. Lóòótọ́ kírísítà kóbáltì ní ọ̀nà tó fẹ́ràn tiẹ̀, àmọ́ agbára ìyẹn ò ju bí ìdajì mílíọ̀nù júùlù lọ, kò lè dá nìkan borí. Ìdí nìyẹn tí àwọn awọ ẹ tó nípọn fi sùn.

Wá wo ọ̀rọ̀ ojú awọ wàyí, ìyẹn òkè pátápátá àti ìsàlẹ̀ pátápátá ẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo adùn wà. Ilé tó wà láàárín ìlú Kàbà ní aládùúgbò lọ́tùn-ún lósì, níwájú lẹ́yìn. Ilé tó wà létí ìlú ò rí bẹ́ẹ̀, apá kan ló ní aládùúgbò, apá kejì igbó ni, ìgbé ayé ibẹ̀ sì yàtọ̀. Àmọ́ nínú ìlú ńlá ilé etí ìlú ò tó nǹkan lójú gbogbo ilé tó kù, wọn ò lè yí ìwà ìlú padà. Lọ wá sí abúlé oko tó jẹ́ ilé márùn-ún péré tó tò tẹ̀lé ara wọn, méjì nínú márùn-ún ló wà létí igbó, ohun tí àwọn méjì yẹn bá ń fẹ́ kì í ṣe ohun téèyàn lè fojú fò. Bí awọ kóbáltì ṣe rí náà nìyẹn. Ìtò átọ̀mù kan nínú ẹ̀ ga tó nǹkan bíi 0.2 nánómítà (tó o bá pín mìlímítà kan sọ́nà 1,000,000, ẹyọ kan níbẹ̀ ni nánómítà). Awọ tó jẹ́ 100 nánómítà á ní bí ìtò 500, méjì péré nínú wọn ló wà lójú. Awọ nánómítà kan, ìtò márùn-ún ni, méjì wà lójú. Ohun tí àárín ń fẹ́ ń dín kù bí awọ ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i, ohun tí ojú ń fẹ́ ò yí padà, nígbà tó bá yá ojú á borí, òòfà á dìde.

O lè wá bi mí pé kí ló dé tí átọ̀mù ojú fi ní ohun tó ń fẹ́ tó yàtọ̀. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú átọ̀mù ń yí kiri, yíyí yẹn náà sì ní òòfà kékeré tiẹ̀. Nínú ikùn irin, àwọn aládùúgbò yí átọ̀mù ká káàkiri, ìhà kan ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síkejì. Lójú awọ, òkè ṣófo, tàbí kó jẹ́ átọ̀mù irú míì ló wà níbẹ̀, ọ̀nà tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lè gbà yí wá yàtọ̀, òòfà yíyí yẹn á mú ìhà kan, á sì fa òòfà ńlá, èyí tó ń wá láti ara spin (òòfà tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fúnra ẹ̀ ní lára), tẹ̀ lé ara ẹ̀. Okùn tó so méjèèjì pọ̀ ni wọ́n ń pè ní spin-orbit coupling. Nínú kóbáltì okùn yẹn ò le púpọ̀. Nínú plátínọ́mù tí átọ̀mù ẹ̀ wúwo gan-an, ó le, ìdí nìyẹn tí ojú ìpàdé kóbáltì àti plátínọ́mù fi lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣèèṣì rí o. Louis Néel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ìṣirò sọ ọ́ ní 1954 pé átọ̀mù ojú tó pàdánù aládùúgbò máa ní anisotropy tiẹ̀. Ọdún 1968 ni Gradmann àti Müller ní Jámánì fi awọ níkẹ́lì àti irin tó fẹ́lẹ́ gan-an lórí kọ́pà hàn pé òòfà lè dìde lóòótọ́. Nígbà tó di 1985, Carcia àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní DuPont ní Amẹ́ríkà to kóbáltì àti pàládíọ́mù léra wọn ní ìpele ìpele, òòfà ìyẹn náà dìde. Èmi tí mò ń kọ èyí ti ṣe oṣù mélòó kan rí nínú lábù lórí irú ẹ̀, iná ni a máa ń tàn sójú awọ tá a wá wo bí ìmọ́lẹ̀ tó ta padà ṣe yí díẹ̀ (John Kerr ló rí èyí, ní 1877). Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tí líìnì orí kọ̀ǹpútà fo sókè gbọnrangandan bí igun ilé, tí mo mọ̀ pé ìtò átọ̀mù mẹ́rin márùn-ún péré ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, n ò lè jẹun ọ̀sán, mo kàn ń wò ó ni.

Ó ku gíráàfù ẹ. O ṣe dáadáa tó o fi ìnípọn sọ anisotropy di púpọ̀ kó o tó yà á, bó ṣe yẹ kéèyàn ṣe nìyẹn. Bí líìnì ṣe dagun ń sọ ohun tí àárín ń fẹ́, ìrísí awọ àti kírísítà pọ̀ nínú ẹ̀. Ibi tó ti gé òpó níbi tí ìnípọn jẹ́ òdo ló ń sọ ti ojú, ibi tó sì ti kọjá òdo lápá òsì sọ́tùn-ún ni ìnípọn tí òòfà ti ń dùbúlẹ̀. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó o ṣọ́ra fún. Ojú méjì ni awọ ẹ ní, ìsàlẹ̀ àti òkè, àpapọ̀ méjèèjì ni gíráàfù ń fún ẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn pín in sí méjì kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ti ojú kọ̀ọ̀kan nìyẹn, èmi ò fara mọ́ ọn, torí kóbáltì tó balẹ̀ sórí plátínọ́mù àti plátínọ́mù tó balẹ̀ sórí kóbáltì kì í sábà rí bákan náà, ọ̀kan lè mọ́ kí ìkejì dàrú. Kọ ọ́ pé àpapọ̀ ni.

Ti títẹ̀ tó tẹ̀ wálẹ̀ yẹn, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tó fẹ́lẹ́ jù ni. Ìṣirò ẹ gbà pé ojú méjèèjì tẹ́ bíi dígí, pé bó ti wù kí awọ fẹ́lẹ́ tó, ojú náà wà bó ṣe wà. Àmọ́ tí awọ ò bá ju ìtò átọ̀mù méjì lọ, kò tiẹ̀ lè bo ilẹ̀ tán, á wà ní erékùṣù erékùṣù, átọ̀mù kóbáltì míì á ti rì sínú plátínọ́mù, ojú méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ara wọn. Ó tún wà níbẹ̀ pé ooru yàrá lásán lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òòfà irú awọ bẹ́ẹ̀. Lo apá tó tọ́ nìkan láti fa líìnì, fi apá tó tẹ̀ hàn, kó o ṣàlàyé ẹ̀, má yọ ọ́ sọnù rárá. Tún bi sùpáfáísọ̀ ẹ bóyá wọ́n wọn òòfà àwọn awọ náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí plátínọ́mù tó fara kan kóbáltì máa ń gba òòfà díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, tó o bá ka gbogbo ẹ̀ sí kóbáltì lọ́rùn nọ́ńbà ẹ á ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Tí wọ́n bá sì bi ẹ́ níwájú pánẹ́ẹ̀lì pé kí ni ìwúlò ẹ̀, sọ fún wọn nípa 2010. Ikeda àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Tohoku ní Japan fi awọ kóbáltì, irin àti bórọ́ọ̀nù tó jẹ́ 1.3 nánómítà sára magnesium oxide, òòfà ẹ̀ dìde, wọ́n sì ṣe ẹyọ mẹ́mórì tó fẹ̀ tó 40 nánómítà. Èyí yà mí lẹ́nu ju ti plátínọ́mù lọ torí kò sí mẹ́táàlì wíwúwo kankan ní ojú ìpàdé yẹn, irin àti ọ́ksíjìn tó dì mọ́ra wọn ló ń ṣe é. Òòfà tó dúró bẹ́ẹ̀ rọrùn láti fi iná mànàmáná díẹ̀ yí padà, tí iná bá sì lọ, ohun tó wà nínú ẹ̀ á wà níbẹ̀. Ní 2019 Samsung ti ń kó irú mẹ́mórì òòfà bẹ́ẹ̀ jáde fún títà. Fún àwa tí iná ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, láti Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé, kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe. Mo tú hard disk tó ti bàjẹ́, òòfà méjì tó wà nínú ẹ̀ lágbára débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi níka, àmọ́ àwo tó ń dán yẹn ò fa abẹ́rẹ́ rárá. Ṣé àwo yẹn kọ́ ni wọ́n ń kọ nǹkan sí ni?

ÌDÁHÙN: Òun gan-an ni. Àwọn òòfà ńlá méjì yẹn, ti apá tó ń gbé orí ìkàwé lọ bọ̀ ni. Ti àwo, awọ tí wọ́n ń kọ nǹkan sí lórí ẹ̀ ò ju nánómítà mélòó kan sí bí ogún lọ, òòfà inú ẹ̀ sì wà ní pínńpín, apá kan kọjú sókè, èkejì kọjú sílẹ̀, wọ́n ń pa agbára ara wọn, abẹ́rẹ́ ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Shun-ichi Iwasaki ní Japan ló gbé e kalẹ̀ ní 1977 pé kí òòfà inú dísíìkì máa dúró dípò kó sùn, kí nǹkan púpọ̀ lè gba ibi kékeré, 2005 ni Toshiba tó gbé e dé ọjà. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ti àbúrò wa òkè yìí ṣá o. Nínú dísíìkì yẹn, ọ̀nà tí kírísítà kóbáltì, kúrómíọ́mù àti plátínọ́mù fẹ́ràn ló gbé òòfà dúró, kì í ṣe ojú awọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú àtijọ́. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin ni mí ní Ìyàrà, káṣú ni mò ń rà tí mò ń tà. Àwọn ọmọ mi kó òkúta dúdú kan bọ̀ láti Itakpe, ó ń fa òòfà. Wọ́n ní wọ́n máa gún un lúbúlúbú kó lè lágbára sí i, torí wọ́n gbọ́ pé ojú nǹkan ló ń ṣiṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Mà, mo kí àwọn ọmọ yẹn, ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ gan-an ni. Àmọ́ odó ò lè gbé wọn débẹ̀. Lúbúlúbú tó kúná dáadáa nínú odó ṣì lè fẹ̀ tó 50,000 nánómítà, átọ̀mù tó wà lójú ẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tinú, òòfà ẹ̀ ò ní ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí wọ́n má sì gún un láìbo imú, eruku irin ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Irin méjì ló wà nínú òkúta Itakpe, magnetite àti hematite, magnetite ló ń fa òòfà dáadáa bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ dá wọn mọ̀, kí wọ́n fi òkúta náà ha ẹ̀yìn táìlì, ibi tí ò dán yẹn. Magnetite á fa ìlà dúdú, hematite á fa ìlà tó pupa bí ilẹ̀.