Fóìlì kò lè gba fíìmù rẹ sílẹ̀ lọ́wọ́ X-ray

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mò ń lọ sí London lóṣù tó ń bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kámẹ́rà oní-fíìmù mẹ́ta ni mo ní: Pentax K1000, Canon AE-1 àti Nikon FM2. Èwo ni kí n gbé, lẹ́ǹsì mélòó ló sì yẹ kó tẹ̀ lé e? Ọ̀rẹ́ mi kan ní Mọ́kọ́lá ní kí n fi fóìlì wé àwọn fíìmù mi, kí n fi ọ̀rá dúdú dì í, kí n wá tì í sáàárín aṣọ nínú àpótí ńlá, pé X-ray tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú kò ní lè ṣe é ní nǹkan kan. Àbúrò yín, láti Agbowó.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kámẹ́rà kọ́ ni ìṣòro rẹ. Èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ya fọ́tò tó dáa, màá sì sọ èyí tí màá mú tó bá jẹ́ èmi ni. Ọ̀rọ̀ fóìlì yẹn ló bí mi nínú, torí kì í ṣe ìwọ nìkan ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Àìmọye èèyàn ló ti ti ìrìn-àjò dé wá bá mi pẹ̀lú fíìmù tó ti bàjẹ́, ohun tí wọ́n sì máa ń sọ ni pé, "Mo wé e dáadáa o."

Ọ̀kan wà lórí tábìlì mi báyìí. Ìyá kan ló gbé e wá, fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè ló wà níbẹ̀. Mo fọ fíìmù náà, mo gbé e sókè síná. Àlàfo tó wà láàárín fọ́tò kan sí èkejì yẹ kó mọ́ kedere, àmọ́ ó ti dà bí eérú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmì kan tún wà tó rí kọ́lọkọ̀lọ, ó ń lọ sókè ó ń bọ̀ nílẹ̀, ó sì gba ojú ọkọ àti ìyàwó kọjá. Bí fíìmù ṣe wé mọ́ra nínú agolo rẹ̀ nígbà tí X-ray kàn án ló fa àmì yẹn. Fóìlì tí ìyá náà fi wé e ṣì wà nínú báàgì rẹ̀. Kò sí oògùn tí mo lè dà sí i tó máa mú un kúrò.

Ìdí rẹ̀ rèé. Èròjà fàdákà wéwèé ló wà lára fíìmù, ìmọ́lẹ̀ tó bá sì kàn wọ́n ni wọ́n ń gbà sílẹ̀. X-ray náà, ìmọ́lẹ̀ ni, ojú wa ni kò rí i, ó sì lágbára débi pé ó ń gba inú ẹran ara kọjá dé eegun. Ohun tó gba ara èèyàn kọjá, ṣé fóìlì tí a fi ń wé mọ́ínmọ́ín ló máa dá a dúró? Ọ̀rá dúdú ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló lè dí. X-ray kò mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun.

Àwọn kan á ní àpò olójé ni kí o rà. Òjé ń dí X-ray lóòótọ́, àmọ́ àpò fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà yẹn kò tó fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù ikùn ọkọ̀ òfurufú wò. Tó bá sì jẹ́ pé o gbé e lọ́wọ́, ohun dúdú kan tí ojú kò wọ̀ ni òṣìṣẹ́ máa rí. Wọ́n á ní kí o tú u síta, tàbí kí wọ́n tún un kọjá lẹ́ẹ̀kejì.

Àpótí ńlá yẹn, tó máa wọ ikùn ọkọ̀, ló burú jù nínú ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ rẹ. Ẹ̀rọ ibẹ̀ lágbára fíìfíì ju ti ẹrù ọwọ́ lọ. Fíìmù tí a kò tíì fọ̀ kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá.

Ẹrù ọwọ́ náà ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Lábẹ́ ẹ̀rọ ti tẹ́lẹ̀, fíìmù ISO 400 (ISO ni nọ́ńbà tó ń sọ bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) tàbí èyí tó kéré sí i lè kọjá lẹ́ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì kó má hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpalára yẹn ń gun orí ara wọn. Àmọ́ Heathrow ní London àti ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú ti ń lo CT báyìí, irú èyí tó ń yípo aláìsàn ní ọsibítù láti wo inú rẹ̀ láti ìhà gbogbo. Kodak àti Ilford tí wọ́n ń ṣe fíìmù ti kìlọ̀: kí fíìmù má gba inú CT kọjá, bó ti wù kí ISO rẹ̀ kéré tó.

Nítorí náà, yọ wọ́n kúrò nínú páálí, kó agolo wọn sínú ọ̀rá tí ojú ń rí inú rẹ̀, kí o fi í sókè nínú báàgì ọwọ́. Tètè dé kí ìlà tó gùn. Kí òṣìṣẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, sọ pé fíìmù tí o kò tíì fọ̀ ni, kí wọ́n jọ̀ọ́ fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Má ṣe fi fíìmù sínú kámẹ́rà lọ́jọ́ náà, torí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ máa gba inú ẹ̀rọ kọjá, wọ́n sì lè ní kí o ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n á gbà, yálà ní Ìkẹjà tàbí ní Heathrow. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló láṣẹ, má bá a jiyàn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tówó rẹ̀ bá ká a pé kó ra fíìmù ní London, kó sì fọ̀ ọ́ níbẹ̀ kó tó wọkọ̀ padà. Fíìmù tí a ti fọ̀, X-ray kò lè ṣe é ní nǹkan kan mọ́.

Ní ti kámẹ́rà, FM2 ni màá mú, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 50mm kan, ó tán. Bí bátìrì rẹ̀ bá kú, ó ṣì ń ya fọ́tò. Mítà ìmọ́lẹ̀ nìkan ni bátìrì wà fún. K1000 náà rí bẹ́ẹ̀. AE-1 kò lè ya ẹyọ kan bí bátìrì bá kú, fi í sílé. Bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀, fi K1000 tì í, àmọ́ rántí pé lẹ́ǹsì ọ̀kan kò wọ èkejì. ISO 400 ni kí o rà. Ilford HP5 Plus, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ṣeé yà bíi ISO 1600 nínú ilé, kí o ṣáà sọ fún ẹni tó máa fọ̀ ọ́. Má wulẹ̀ ra 3200, òun ni X-ray tètè ń bà jẹ́ jù.

Bó bá jẹ́ fíríìjì lò ń kó fíìmù sí, yọ wọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, má sì ṣí agolo oníke wọn títí òtútù á fi kúrò lára wọn, kí omi má baà dì mọ́ ara fíìmù. Láti Ìwó Road títí dé Ìkẹjà, orí itan rẹ ni kí báàgì náà wà. Oòrùn tó wà lójú ọ̀nà yẹn pọ̀, má jẹ́ kí awakọ̀ kankan jù ú sí bùútù.