Áspírín àti Ibuprofen Pa Pọ̀ Ńkọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi ń lo áspírín kékeré tí dókítà kọ fún wọn torí ọkàn, wọ́n tún wá ń fi ibuprofen sí i torí orúnkún. Ṣé kò léwu? Ìyá Tómi, Kubwa, Abuja.

Ìdáhùn: Ó léwu díẹ̀ o, Ìyá Tómi. Ojú ibì kan náà làwọn méjèèjì ń wá lọ, ihò inú ẹ́ńsáìmù COX-1, ìyẹn èròjà ara kan tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì, nínú pátíkù ẹ̀jẹ̀ (platelet) tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Áspírín tó bá débẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá, kò ní tú mọ́ títí pátíkù yẹn á fi kú, bí ọjọ́ 7 sí 10, ibuprofen ní tiẹ̀ kàn ń jókòó fún wákàtí mélòó kan ni, á dìde. Àmọ́ tó bá ti jókòó ṣáájú, áspírín ò ráyè wọlé nìyẹn, kó tó dìde ara ti lo áspírín tán, kò sì ní lè ṣiṣẹ́ tí dókítà tìtorí ẹ̀ kọ ọ́ fún ọkàn dáadáa. Àwọn méjèèjì tún lè dá egbò síkùn, kí Bàbá yáa bi dókítà wọn kí wọ́n tó gbé ibuprofen mìíràn mì.