Omi Wa Tún Ti Di Aláwọ̀ Ewé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo da chlorine, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ilé wa, omi mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ara ògiri rẹ̀ tún ti ń yọ̀ bọ̀rọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Búrọ́ọ̀ṣì dà? Ẹ kọ́kọ́ ha ohun tó lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn kí chlorine lè pa á, pàápàá ẹ̀yìn àkàbà, ibi tí ọwọ́ ọ̀lẹ kì í dé. Ẹ wọn pH (ìwọ̀n tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn), kó wà láàárín 7.2 sí 7.6. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ da chlorine. Oòrùn máa ń jẹ agbára rẹ̀. Kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ mọ́jú, kí ẹ sì fọ asẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ omi náà títí ìwọ̀n chlorine inú rẹ̀ yóò fi wálẹ̀.