Pẹ́dà Ń Há, Ó Sì Ń Ké, Lẹ́yìn Tí A Pààrọ̀ Kílọ́ọ̀ṣì

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú ojú ìwé ọkọ̀. Toyota Corolla tòkúnbọ̀ onígíà máńúà ni mo ń wà nílùú Ìbàdàn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mẹkáníìkì mi tú gíà sílẹ̀, ó sì pààrọ̀ díìsìkì, pléètì àti bẹ́ríǹ kílọ́ọ̀ṣì sí tuntun. Láti ọjọ́ kejì ni pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì ti ń ké bí ilẹ̀kùn tí àgbékọ́ rẹ̀ ti dípẹtà, pàápàá ní òwúrọ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tí mo sì gbé ẹsẹ̀ kúrò, á dúró díẹ̀ ní agbedeméjì kí ó tó gòkè. Gíà ń wọlé dáadáa. Mẹkáníìkì ní kí n máa wà á lọ, pé yóò tú ara rẹ̀ ká. Ẹlòmíràn ní kí n lọ ra pọ́ǹpù òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́?
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé kí ẹ tó náwó. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má tíì gba ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Ibi tí irin bá ti ń ha irin láìsí gíríìsì kì í wo ara rẹ̀ sàn. Bí ẹ bá ṣe ń wà á lọ ni yóò máa jẹ sí i. Ní ti pọ́ǹpù, ó lè jẹ́ òun ló ń mú kí pẹ́dà há lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló sábà máa ń ké, nítorí náà ẹ má tíì lọ sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Géètì lọ ra ohunkóhun kí ẹ tó mọ ibi tí igbe náà ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ipa ọ̀nà tí agbára ẹsẹ̀ yín ń gbà. Pẹ́dà a ti ọ̀pá kékeré kan wọ inú pọ́ǹpù òkè. Pọ́ǹpù òkè a ti epo bíréèkì gba inú páìpù lọ sí pọ́ǹpù ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà. Ti ìsàlẹ̀ a ti fọ́ọ̀kì, tí ó ń yí lórí bọ́ọ̀lù irin kékeré kan. Fọ́ọ̀kì a sì ti bẹ́ríǹ síwájú lórí ọ̀pá oníhò tí ó yí ọ̀pá gíà ká, títí bẹ́ríǹ yóò fi tẹ ìka irin ara pléètì. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀, àwọn ìka wọ̀nyí ni wọ́n ń ti ohun gbogbo padà. Ibikíbi tí nǹkan bá ti gbẹ tàbí tí ó há lójú ọ̀nà yìí, ẹsẹ̀ yín ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Kí ẹnì kan máa fi ọwọ́ tẹ pẹ́dà díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kejì tẹ́tí sí ìdí pẹ́dà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ó sì fi ìka kan ibi tí pẹ́dà ti ń yí, nítorí igbe tí ó bá ti ibẹ̀ wá máa ń gbọ̀n mọ́ni níka. Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ni, orí yín ṣe é: búṣì pẹ́dà tí ó ti jẹ tàbí sípírìǹgì tí kò jókòó dáadáa ni, kò sì ní í gba pé kí a tú gíà. (Kí ẹ tó dìde níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ kò ká sábẹ́ pẹ́dà. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.) Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ́tí sí ibi tí fọ́ọ̀kì ti yọrí jáde lára gíà, kí wọ́n tún máa tẹ pẹ́dà. Igbe tí ó ń dún nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa kò lè jẹ́ ti bẹ́ríǹ tí ó ń yí, nítorí bẹ́ríǹ kì í yí nígbà náà. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ tí ẹ sì tẹ pẹ́dà nìkan ni ariwo ń jáde, bẹ́ríǹ tuntun náà ni ẹ ó kọ́kọ́ fura sí.

Nítorí pé ọjọ́ kejì tí wọ́n tú gíà ni igbe bẹ̀rẹ̀, ọkàn mi lọ sí bọ́ọ̀lù fọ́ọ̀kì àti ọ̀pá oníhò tí bẹ́ríǹ ń rìn lórí rẹ̀. Ọkọ̀ tèmi ṣe irú rẹ̀ rí. Nígbà tí a tún tú gíà rẹ̀, gíríìsì àtijọ́ ti pò mọ́ eruku díìsìkì lórí ọ̀pá náà, ó le gbandi, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, orí rẹ̀ ni wọ́n sì ti bẹ́ríǹ tuntun sí. Mo fi èékánná wọ́ ọ kọjá, ó sì kọ́ mi léèékánná níbi méjì. Bọ́ọ̀lù fọ́ọ̀kì ní tirẹ̀ gbẹ táútáú, ó ń dán níbi tí irin ti ha á. A fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, a nù wọ́n gbẹ, a wá fi gíríìsì tí ó lè gba ooru pa ojú wọn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ẹni ń fi ìpara pa ètè. Pẹ́dà dákẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu gíríìsì síbẹ̀ bí ẹni ń bu ẹ̀kọ. Èyí tí ó bá pọ̀ jù lára eyín ọ̀pá gíà, yíyí ni yóò fi fọ́n sí ojú díìsìkì, díìsìkì tí epo bá sì ti kàn yóò máa yọ̀, tàbí kí ọkọ̀ máa gbọ̀n bí ó bá fẹ́ gbéra, tí yóò fi di pé ẹ tún ń ra òmíràn. Kí wọ́n má sì fi agolo tí a ń tẹ̀ lórí fọ́n epo wọlé láti ojú ihò fọ́ọ̀kì.

Híhá pẹ́dà lè ní orísun tirẹ̀. Kí mẹkáníìkì tú bóòtù méjì tí ó di pọ́ǹpù ìsàlẹ̀ mú, láìtú páìpù rẹ̀, kí ó fi okùn so ó sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ pẹ́dà rárá, nítorí pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò fò jáde. Kí ó wá fi ọwọ́ ti fọ́ọ̀kì lọ, kí ó fà á bọ̀. Bí ó bá ń lọ geere títí yóò fi kan ìka pléètì, inú lọ́hùn-ún mọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn pọ́ǹpù. Bí ó bá ń fà tìkọ̀tìkọ̀ tàbí tí ó ké, kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí gíà tún sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ìdí kan wà tí pọ́ǹpù ìsàlẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ wàhálà lẹ́yìn tí a pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Bí díìsìkì bá ṣe ń jẹ ni ìka pléètì ń sún sẹ́yìn, tí ó sì ń ti rọ́bà inú pọ́ǹpù lọ sí ìsàlẹ̀ kọ̀rọ̀. Díìsìkì tuntun dé, rọ́bà náà tún ń rìn ní apá ìta tí kò dé láti ọjọ́ pípẹ́, níbi tí ìdọ̀tí àti ìpẹtà ti kó jọ sí. Ẹ ká bàtà rọ́bà ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn. Bí epo bá wà níbẹ̀, ó ti ń jò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Họ́ọ̀sì rọ́bà tí inú rẹ̀ ti wú náà lè jẹ́ kí epo lọ, kí ó má tètè jẹ́ kí ó padà, èyí sì jọ ohun tí ẹ ṣàpèjúwe gan-an. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ fura sí atẹ́gùn inú páìpù, nítorí ẹ ní gíà ń wọlé dáadáa. Epo bíréèkì tí a kọ irú rẹ̀ sórí ìdérí ìgò epo náà nínú ọkọ̀, DOT 3 tàbí DOT 4, nìkan ni kí wọ́n dà sí i. Epo ẹ́ńjìnnì yóò wú rọ́bà inú rẹ̀. Bí ó bá ta sára ọ̀dà ọkọ̀, ẹ fi omi ṣàn án kíá.

Kí ẹ tó gba ọkọ̀, ẹ fi ìka tẹ pẹ́dà fẹ́ẹ́rẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ Corolla, ó yẹ kí ó lọ bíi mílímítà 5 sí 15 kí ó tó le. Bí kò bá sí àyè yìí, bẹ́ríǹ lè máa tẹ ìka pléètì nígbà gbogbo, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi jẹ.

Ní ti owó iṣẹ́, bí ó bá jẹ́ ọ̀pá tàbí bọ́ọ̀lù tí a kò fọ̀ ló fà á, iṣẹ́ tí mẹkáníìkì yín kò parí ni, kò sì yẹ kí ó gba owó títú gíà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ bá a sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ó fi ọ̀pá oníhò náà hàn yín kí ó tó gbé gíà padà. Bí pẹ́dà bá wá há sílẹ̀ pátápátá kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ má wà á wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ́; ẹ jẹ́ kí wọ́n wá fà á.