Kọ́ńpáílà tuntun kọ́ ló ba owó oṣù yín jẹ́

Àbúrò mi ní Kàdúná, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní prógíráàmù owó oṣù yín, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ogún ọdún, ń gbé èsì mìíràn jáde láti ìgbà tí ẹ ti fi Enterprise COBOL 6.3, kọ́ńpáílà IBM tó ń yí prógíráàmù COBOL padà sí èdè ẹ̀rọ, kọ́ńpáìlì rẹ̀, ọ̀gá rẹ sì ní kí ẹ padà sí 4.2 àtijọ́. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. IBM kò ṣe àtìlẹ́yìn fún 4.2 mọ́ láti 30 oṣù Kẹrin 2022. Inú fáìlì yín gan-an ni mo fura sí.

Ojú mi ti rí i níbi iṣẹ́ kan ní Garki, l'Abuja níbí. A kọ́ńpáìlì tán, job parí pẹ̀lú return code 0 (àmì pé kò sí àṣìṣe), kálukú lọ sùn. Nígbà tí owó oṣù jáde, orúkọ àwọn tí kò yá kọ́bọ̀ rí wà nínú ìwé àwọn tó jẹ gbèsè. Ìyá kan tó ń gbálẹ̀ lọ́dọ̀ wa wà lára wọn. Ó mú ìwé náà dání wá bá mi: "Ọ̀gá, ìgbà wo ni mo yá owó?" Mi ò tíì gbàgbé ojú ìyá yẹn.

Òru mẹ́ta la fi wá a. Ìlà kan péré ni: IF LOAN-BAL = ZERO, ìyẹn ni pé bí gbèsè tó kù bá jẹ́ òdo. Nínú fáìlì, dípò X'F0' márùn-ún (báìtì tó dúró fún òdo), X'40' márùn-ún la bá níbẹ̀, àlàfo lásán. Kọ́ńpáílà àtijọ́ ń lo PACK (àṣẹ ẹ̀rọ tó ń fún nọ́ńbà pọ̀) kó tó fi iye náà wé òdo, PACK kì í sì í ka ìdajì iwájú báìtì mọ́ iye nọ́ńbà, nítorí náà àlàfo di òdo lójú rẹ̀. Ti tuntun gbà pé nọ́ńbà tòótọ́ ló wà nínú PIC 9 (àyè tí a yà sọ́tọ̀ fún nọ́ńbà), ó lè fi báìtì wé báìtì ní tààrà kí iṣẹ́ lè yá. Mo pe bàbá tó kọ prógíráàmù náà, tó ti fẹ̀yìn tì sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, láyé káàdì tí à ń lu nọ́ńbà sí, ẹni tí kò bá jẹ gbèsè, a kì í tẹ nǹkan kan síbẹ̀." Nígbà tí wọ́n kó iṣẹ́ náà láti Èkó wá sí Abuja, tàlàfo-tàlàfo ni wọ́n kó o.

ZONEDATA, àṣàyàn tó ń mú kí kọ́ńpáílà tuntun ṣe sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bíi ti àtijọ́, la fi gba oṣù yẹn là, a wá fọ fáìlì náà mọ́. Má fi ZONEDATA sílẹ̀ kó di oògùn ayérayé o.

Kí o tó ṣe ohunkóhun, fi NUMCHECK (tó ń yẹ nọ́ńbà wò), SSRANGE (tó ń ṣọ́ òpin tébù) àti PARMCHECK (tó ń ṣọ́ ohun tí prógíráàmù kan fi ránṣẹ́ sí òmíràn) kọ́ńpáìlì fún ìdánwò nìkan, torí wọ́n ń fa iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. SSRANGE ló fi tébù ìpínlẹ̀ wa hàn: OCCURS 36 (àyè mẹ́rìndínlógójì péré) ni, láti ìgbà tí ìpínlẹ̀ di 36 ní 1996, Abuja fúnra rẹ̀ sì ni ìkẹtàdínlógójì! Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kọ̀wé kọjá òpin tébù, sórí ibi tí ẹnikẹ́ni kò lò. Kọ́ńpáílà tuntun to ibi ìpamọ́ lọ́nà mìíràn, ó wá bọ́ sórí àròpọ̀ owó.

Wo listing àtijọ́ yín (ìwé tí kọ́ńpáílà tẹ̀ jáde), kí o sọ NUMPROC (àṣàyàn nípa àmì nọ́ńbà) tí ẹ lò fún mi. Bó bá jẹ́ MIG, ZONEDATA(MIG) ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ZONEDATA(NOPFD).