Ẹ fi mọ́tò yín sílẹ̀ lókè: ọ̀rọ̀ Canyon de Chelly

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè bóyá òun lè gbé ìyàwó àtàwọn ọmọ láti Phoenix, kí òun wa Camry wọ inú Canyon de Chelly, àfonífojì jíjìn tí àpáta gíga yí ká ní Arizona, l'Amẹ́ríkà, lóṣù keje: rárá o. Kò sí títì nísàlẹ̀ yẹn, odò gan-an ni ọ̀nà. Ọkọ̀ gíga ló gbé wa, síbẹ̀ awakọ̀ rẹ̀ kì í dúró lórí yanrìn tútù, torí bó bá dúró díẹ̀, táyà ti ń rì nìyẹn.

Yàtọ̀ síyẹn, ilẹ̀ àwọn Navajo ni, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà látilẹ̀. Wọ́n ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń dáko níbẹ̀ dòní, ẹ ò sì lè sọ̀ kalẹ̀ láìmú ọmọ Navajo tó gbàwé àṣẹ dání. Owó rẹ̀ á dùn yín díẹ̀, pàápàá nígbà tí wíwò látòkè jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ san án. Látòkè, White House (àwókù ilé àtijọ́ tó wà lára àpáta ibẹ̀, kì í ṣe ti ààrẹ o) kàn dà bíi páálí tí wọ́n tì sínú kọ́bọ́ọ̀dù ni. Nísàlẹ̀, ọrùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kán yín kójú yín tó ká àpáta pupa náà. Bí ọdún 1060 làwọn Pueblo àtijọ́, àwọn tó gbé ibẹ̀ ṣáájú àwọn Navajo, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé síbẹ̀, nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1300, wọ́n ti lọ. Afinimọ̀nà wa nawọ́ sí àwọn ihò tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta, ihò tí kò gbà ju orí ìka ẹsẹ̀ lọ: ibẹ̀ ni wọ́n ń gùn! Lẹ́yìn náà ló wá sọ ti 1864, báwọn ọmọ ogun Kit Carson, ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà, ṣe dáná sunlé, tí wọ́n gé igi písì lulẹ̀, tí wọ́n sì kó àwọn Navajo lọ sígbèkùn ní New Mexico. 1868 ni wọ́n tó padà.

Oṣù keje yẹn ò dáa. Òjò tó rọ̀ lórí òkè Chuska, níbi tí odò yẹn ti ń ṣàn wá, tí kò kán sí yín lára rárá, lè di àgbàrá tó máa gbé ọkọ̀ lọ. Oṣù kẹwàá ni kẹ́ ẹ lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún aago o: àwọn Navajo ń sún aago síwájú láti oṣù kẹta sí oṣù kọkànlá, Phoenix kì í sún un. Mẹ́sàn-án tiwọn, mẹ́jọ tiyín ni. Bíà, ẹ fi sílé, òfin wọn ò gbà á. Ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò.

Bẹ́ ò bá rí afinimọ̀nà, ẹ wakọ̀ gba South Rim, títì tó wà létí àfonífojì náà lápá gúúsù, dé Spider Rock, òpó àpáta gíga kan. Àmọ́ ẹ di àwọn ọmọ mú dáadáa, torí kì í ṣe gbogbo etí àpáta ló ní irin ìdábùú.